Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá fi síríǹjì bọ́ cockatiel kó tó mọ̀ yín

Kò sẹ́ni tó fẹ́ ra cockatiel àkọ́kọ́ (ẹyẹ kékeré kan tó jẹ́ ìbátan ayékòótọ́) tí wọn ò ní sọ fún pé: "Èyí tí kò tíì lè dá jẹun ni kẹ́ ẹ mú o. Ẹ fi síríǹjì bọ́ ọ fúnra yín, kó lè gbà pé ẹ̀yin ni ìyá òun. Tó bá ti dàgbà, kò lè mọ̀ yín mọ́." Wọ́n sọ fún èmi náà, mo sì gbà. Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ẹyẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: irọ́ ni.

Ọmọ ọ̀sẹ̀ 3 ni wọ́n tà fún mi nínú páálí, ìyẹ́ ara rẹ̀ ṣì rí ṣóńṣó bí ẹ̀gún. Ẹni tó tà á fi síríǹjì kan àti ìyẹ̀fun oúnjẹ ọmọ ẹyẹ lé e, ó ní, "Kó ṣáà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́." Gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo gbà nìyẹn. Ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé lílọ́ wọ́ọ́rọ́ yẹn ní ìdiwọ̀n: àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń fi í sí nǹkan bí 39 sí 41 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá gbóná jù, á jó àpò oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ ọrùn ọmọ ẹyẹ. Bó bá tutù, oúnjẹ á dúró síbẹ̀, á kan. Bẹ́ ẹ bá sì yára tẹ síríǹjì jù, á gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn kì í sì í pẹ́ pa á.

Ní tèmi, oúnjẹ náà kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, oúnjẹ alẹ́ àná ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó wú bí ọ̀rá tí wọ́n bu omi sí, ẹnu rẹ̀ ń rùn kíkan. Kó tó di ọ̀sán, ó ti kú.

Ohun tó jẹ́ kí irọ́ yìí rí ẹsẹ̀ dúró ni pé ẹyẹ tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fọwọ́ bọ́ kì í sábà bẹ̀rù ọwọ́. Òótọ́ nìyẹn. Àmọ́ kì í ṣe síríǹjì ló fa á. Ọwọ́ tó rí lójoojúmọ́ ni. Àwọn mìíràn ń fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá àti bàbá rẹ̀ láti bọ́, wọ́n á kàn máa gbé e jáde fún ìgbà díẹ̀ lójúmọ́, òun náà á sì mọ èèyàn. Ẹ wá fi èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ bọ́ sínú àgò fún oṣù mélòó kan láìdá sí i, ẹ na ọwọ́ sí i, ẹ ó rí bó ṣe máa sá. Àti pé ìyá wo gan-an? Ní Ọsirélíà tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, ọ̀wọ̀ọ́wọ́ ni wọ́n ń gbé. Bí cockatiel bá ti tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8 sí 10, ó ti ń dá jẹun. Ẹlẹgbẹ́ ló ń wá látìgbà náà lọ, kì í ṣe ìyá, ó sì lè lo ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ yín.

Nítorí náà, èyí tó ti ń dá jẹun ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ dúró kí wọ́n gbé oúnjẹ fún un lójú yín, kẹ́ ẹ rí i tó ń fi ẹnu la èèpo hóró. Kí ojú rẹ̀ mọ́, kí ihò imú rẹ̀ gbẹ, kí ìdí rẹ̀ má dọ̀tí, kí ìrù rẹ̀ má sì máa lọ sókè sódò bó ṣe ń mí. Bí ẹnikẹ́ni bá búra fún yín pé akọ ni ọmọ eléérú tí kò tíì pa ìyẹ́ dà, ẹ kàn rẹ́rìn-ín, torí akọ àti abo ṣì jọra nígbà náà.

Ẹyẹ mi kejì ti pé oṣù 5, ìyá àti bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ. Bí mo bá ti sún mọ́ àgò, á tẹ ìyẹ́ àtàrí rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, á máa ṣe ṣíííì bí ejò. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mi ò na ọwọ́ sí i. Mo kàn ń jókòó ti àgò, mo ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti ṣírí jéró wọ àárín irin àgò, ìṣẹ́jú 10, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí ìyẹ́ àtàrí bá nà ṣánṣán, ẹ̀rù ti bà á nìyẹn, mo ń dúró. Bó bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó sì ń ṣe ṣíííì, mo ń fà sẹ́yìn. Bó bá rọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, mo ń tẹ̀ síwájú. Ìgbà tó ti ń jẹ ẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni mo ṣí ilẹ̀kùn àgò, mo gbé ìka mi sí àyà rẹ̀ nísàlẹ̀, lókè ẹsẹ̀, mo ní, "Gùn ún." Ó gé mi jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò pariwo, mi ò sì fi agbára mú un rí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó gùn ún fúnra rẹ̀, ó tẹ orí rẹ̀ síwájú mi. Ìyẹ́ tuntun ń hù lẹ́yìn orí rẹ̀ níbi tí ẹnu rẹ̀ kò lè dé, wọ́n ṣì wà nínú èèpo funfun. Mo fi èékánná rún un díẹ̀díẹ̀, èèpo náà ń já bọ́ sí mi lápá bí ìyẹ̀fun, òun sì di ojú rẹ̀ méjèèjì.