Ọ̀fà Tó Ṣọ́ọ̀bù Àánú Ṣí

Ọ̀fà kì í ṣe ìlú òtòṣì. Ẹni tó bá débẹ̀ nígbà Iléyá yóò rí ọkọ̀ ńláńlá tí àwọn ọmọ ìlú gbé ti Èkó àti Àbújá dé, yóò sì rí ilé alájà tó jẹ́ pé ọdún dé ọdún ni wọ́n ń ṣí i. Nítorí náà gan-an ni a fi ń sọ pé ó yẹ kí ṣọ́ọ̀bù àánú wà níbẹ̀: kí aráàlú máa kó aṣọ, bàtà àti ìkòkò tí wọn kò lò mọ́ wá lọ́fẹ̀ẹ́, kí a máa tà wọ́n ní owó pọ́ọ́kú, kí èrè rẹ̀ sì máa ra oògùn fún aláìsàn tí kò lẹ́nìkan.

Àwọn kan ní yóò tàbùkù ìlú. Ìlú Oxford, tí yunifásítì rẹ̀ lókìkí káàkiri ayé, ni wọ́n ti dá Oxfam, àjọ aláàánú tó ń ta ohun àlòkù, sílẹ̀ ní 1942, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà níbẹ̀ dòní. Nínú ohun tí irú àwọn ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ kò rí tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni apá kan nínú òkìrìkà tí à ń ṣà lọ́jà ti ń wá, bí òfin tilẹ̀ ka kíkó aṣọ àlòkù wọlé léèwọ̀. Bí a bá lè wọ aṣọ tí ẹni tí a kò mọ̀ rí bọ́ sílẹ̀ ní London, kí ló dé tí ti aládùúgbò fi di ìtìjú?

A mọ ohun tó ń dí ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀rù ayé ni. Ìyá àgbà ti kìlọ̀ pé kí a má fi aṣọ tó ti kan ara wa lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí ọ̀tá má baà fi ṣe wá. Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ẹbí tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣe ń kún inú àpótí, tí léèsì ń pọ́n, tí gèlè ń gbó mọ́ inú ọ̀rá; àwọn mìíràn tilẹ̀ ń dáná sun ún. A kò bú ẹni tó ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fọ gbogbo aṣọ kí wọ́n tó gbé e kọ́, kí wọ́n má kọ orúkọ ẹni tó mú un wá síbì kankan, kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á sì mú àga tàbí fáànù wá dípò rẹ̀.

Títà ni a fẹ́, a kò fẹ́ pínpín. Ẹni tó fowó ara rẹ̀ ra bàtà fún ọmọ rẹ̀ kò ní kúnlẹ̀ dúpẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní ya fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook. Ẹ wo Federal Polytechnic tó ti wà nílùú náà láti 1992: àwọn tó ń parí ń fi fóòmù ìbùsùn àti sítóòfù sílẹ̀ fún lándíọ̀ọ̀dù, òbí àwọn tó ń wọlé sì ń yáwó ra tuntun; ṣọ́ọ̀bù yìí ni yóò so wọ́n pọ̀.

Owó ni yóò ba iṣẹ́ náà jẹ́ bí a kò bá ṣọ́ra. Kí wọ́n máa lẹ ìṣirò oṣooṣù mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n sì kà á ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, iye tó wọlé àti ọsibítù tó gbà á.

Offa Descriptive Union, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú Ọ̀fà, ni a ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ wá yàrá kan fún ṣọ́ọ̀bù náà nítòsí ọjà Òwòdé, kí ó sì ṣí kí Iléyá tó dé, kí àwọn òbí lè rí aṣọ ọdún rà fún àwọn ọmọ.