Omi tó ń jáde ló ń fi púlọ́ńbà hàn

Ìròyìn kan tí mo kà ní iṣẹ́ púlọ́ńbà kò ju kéèyàn so páìpù pọ̀ kí omi lè yọ lẹ́nu ẹ̀rọ lọ. Ìdajì iṣẹ́ nìyẹn o. Omi tó ń wọlé, agbára ló ń tì í, ó lè gòkè. Èyí tó ń jáde kò ní agbára mìíràn ju ìdagẹ̀rẹ̀ páìpù lọ, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ẹni tó mọṣẹ́. Páìpù omi ìdọ̀tí oní-íǹṣì 2 gbọ́dọ̀ máa lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ní mítà kọ̀ọ̀kan. Tó bá tẹ́jú, ọ̀rá á jókòó sínú ẹ̀ títí á fi dí.

Ẹ wo abẹ́ síǹkì. Páìpù tó tẹ̀ bíi U yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́: omi tó ń kù síbẹ̀, tó yẹ kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5 ó kéré tán, ló ń dènà òórùn. Bí kò bá sí páìpù atẹ́gùn, ìyẹn èyí tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú páìpù ìdọ̀tí, omi tó ń sáré kọjá á fa ti inú U náà lọ, òórùn á gba ilé kan, onílé á wá máa da ọṣẹ olóòórùn dídùn síbẹ̀ lásán.

Ti gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ páìpù oníke (PVC) ńkọ́? Ẹ gé páìpù kó gún, ẹ ha etí ẹ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù pa ara páìpù àti inú ìsopọ̀, ẹ tì í wọlé pẹ̀lú yíyí díẹ̀, kẹ́ ẹ sì dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Dídì mú yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò. Páìpù á rọra ti ara ẹ̀ padà síta, á sì máa jò lábẹ́ sìmẹ́ńtì.