Ẹni tó ra jẹ́sì kọ́ ló yẹ kó so báǹdì

Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn tí a gbá bọ́ọ̀lù tán, a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò létí pápá, a fẹ́ yan balógun tuntun fún ẹgbẹ́ wa. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọ̀rọ̀ fi di ariwo. Àwọn kan ní ẹ̀gbọ́n tó ra jẹ́sì fún wa ni kí a tún fi sípò. Àwọn kan ní atamátàsé wa ni, torí òun ló ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù. Ẹnì kan tilẹ̀ ní ká máa pín in ká, kí oníkálukú so báǹdì balógun mọ́ apá lọ́sẹ̀ tirẹ̀. A sún ìpàdé sí Sátidé tó ń bọ̀. Mi ò rí àyè sọ tẹnu mi tán lọ́jọ́ náà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ síbí, kí ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ lè kà á ká tó tún pàdé, kí ẹ̀yin tí ẹ ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò yín náà sì bá wa dá sí i.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dùn wá jù. Nínú ìdíje àdúgbò tí a gbá níparí ọdún, a bá a dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Àwọn tí a ń bá gbá ti gbá ẹyọ kan wọlé wa. Ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí eré parí ni wọ́n fi ẹsẹ̀ kọ́ ọmọ wa kan níwájú ilé wọn, réfirí fọn fèrè, ó nàka sí ojú pẹ́náritì. A fò sókè létí pápá. Ayọ̀ yẹn kò pẹ́. Àwọn mẹ́ta ló dúró lé bọ́ọ̀lù lórí. Ọmọ tí wọ́n gbé ṣubú gbá bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, ó ní òun lòun jìyà rẹ̀. Atamátàsé ní, “Ṣebí èmi ni mo máa ń gbá a?” Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n jẹ́ balógun na apá sí àwọn méjèèjì kí wọ́n lè rí báǹdì: “Kí lẹ rò pé a so èyí fún?” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni réfirí fọn fèrè. Gólì ẹgbẹ́ kejì ti fẹ̀yìn ti òpó, ó ń mu píọ́ wọ́tà, ó ń wò wọ́n. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọmọ náà, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n gbá a. Bọ́ọ̀lù fò kọjá lórí irin, ó lọ bọ́ sínú gọ́tà lẹ́yìn fẹ́ǹsì.

Kì í ṣe pẹ́náritì tó fò lọ yẹn ló ń dùn mí. Roberto Baggio ọmọ Ítálì gbá tirẹ̀ fò nínú àṣekágbá ife àgbáyé 1994, ta ni kì í gbá a fò? Ohun tó tẹ̀lé e ló pa wá. Atamátàsé kò fún balógun ní bọ́ọ̀lù mọ́. Ọmọ tí wọ́n gbé ṣubú kò sáré mọ́. Kò pẹ́ ni wọ́n gbá ìkejì wọlé. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ méjèèjì bàdí láàárín pápá, wọ́n ń jágbe mọ́ gólì wa, ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀, ó fi ìbọ̀wọ́ bojú. Nígbà náà ni nọ́ḿbà méjì wa, ọmọ wẹ́dà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ inú àwọ̀n lọ, ó yọ bọ́ọ̀lù níbi tó há sí, ó fi há abíyá. Ó gbọ́wọ́ lé gólì lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, ó sọ nǹkan tí mi ò gbọ́. Ọmọ náà mi orí, ó dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ ara ṣòkòtò rẹ̀. Nọ́ḿbà méjì wá gbé bọ́ọ̀lù rìn dé àárín pápá. Kò sáré, kò sì wọ́sẹ̀. Bó ti ń kọjá lára ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń pe orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń yíjú sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n nà wá ní 2-0 lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni ọkàn mi ti yan balógun tèmi.

Mi ò bú ẹ̀gbọ́n o. Owó tí wọ́n fi ra jẹ́sì méjìdínlógún, a kò dá kọ́bọ̀ padà nínú rẹ̀, wọn ò sì bèèrè. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa dá lẹ́sẹ̀, àwọn ni wọ́n fi mọ́tò wọn gbé e lọ, àwọn ni wọ́n sanwó. Àwa ìgbìmọ̀ la jẹ̀bi, èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé sì wà níbẹ̀. Oore ni wọ́n ṣe wá, a wá fi ipò balógun san án. Tí a bá fẹ́ dúpẹ́, ká fi wọ́n ṣe bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́, ká máa pè wọ́n síwájú lọ́jọ́ àjọ̀dún wa. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, a kò fìgbà kan jókòó sọ ẹni tí yóò máa gbá pẹ́náritì. Àwọn mẹ́ta tó ń du bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, kò sí èyí tí kò ní ẹjọ́ tó lè rò. Àwa la dá ìjà náà sílẹ̀ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, tí a dákẹ́.

Ẹ má rò pé orí pápá eléruku tiwa nìkan nirú ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2024, Chelsea ń na Everton bọ̀ ní Stamford Bridge, wọ́n rí pẹ́náritì. Noni Madueke àti Nicolas Jackson bẹ̀rẹ̀ sí í du bọ́ọ̀lù mọ́ Cole Palmer lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la mọ̀ pé Palmer ló máa ń gbá a fún wọn. Conor Gallagher ló so báǹdì lọ́jọ́ náà. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó gbé e fún Palmer, ọ̀rọ̀ tán. Palmer gbá a wọlé, góòlù rẹ̀ kẹrin lọ́jọ́ náà nìyẹn, eré sì parí sí 6-0. Ẹ kíyè sí Gallagher: kò sọ pé báǹdì wà lápá òun, nítorí náà òun lòun máa gbá a. Ó mọ ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi agbára tí a fún un dá a padà fún onítọ̀hún.

Òfin bọ́ọ̀lù pàápàá ti sọ ọ́. Òfin Kẹta ní balógun kò ní àǹfààní kankan tó ju tẹlòmíì lọ. Ohun tí ó ní ni ìpín nínú ojúṣe lórí ìwà àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n gbá ní Jámánì lọ́dún 2024, wọ́n tún fi kún un pé balógun nìkan ló lè lọ bá réfirí láti bèèrè àlàyé. Ẹlòmíì tó bá sáré lọ, káàdì olómi ọsàn ń dúró dè é. Àwa tí réfirí ti lé ènìyàn wa méjì jáde lọ́dún kan nítorí ẹnu, ṣé ẹni tí inú ń tètè bí ló yẹ ká rán níṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ní ti atamátàsé, mo fẹ́ràn ọmọ náà gidi. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Rashidi Yekini, tó ti gbá fún 3SC, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn wa níbí, kó tó lọ sókè òkun. Góòlù márùn-ún ló gbá sáwọ̀n nínú ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Tùnísíà lọ́dún 1994, kò sẹ́ni tó gbá tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀ òun kọ́ ni balógun. Stephen Keshi ni, ẹni tí wọ́n ń pè ní Big Boss. Ẹ wá wo ohun tó yà mí lẹ́nu jù: lọ́jọ́ àṣekágbá, tí a na Zambia ní 2-1, Keshi kò sí lára àwọn mọ́kànlá tó bẹ̀rẹ̀ eré. Augustine Eguavoen ló so báǹdì wọ pápá. Nígbà tí eré parí, Keshi náà ni wọ́n jẹ́ kó gbé ife sókè.

Ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́yìn náà, Keshi ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá, a sì tún gba ife náà ní South Africa. Balógun rẹ̀ nígbà náà ni Joseph Yobo, bẹ́ǹṣì ni Yobo sì wà jù. Àwọn ọmọdé ló gba ipò rẹ̀ lẹ́yìn: Kenneth Omeruo tí kò ju ọmọ ọdún 19 lọ, àti Godfrey Oboabona tí wọ́n mú láti Sunshine Stars ti Àkúrẹ́. Vincent Enyeama ló ń so báǹdì lórí pápá. Yobo kò bínú kúrò ní àgọ́, kò bá àwọn ọmọ náà ṣe kèéta. Nígbà tí eré àṣekágbá pẹ̀lú Burkina Faso ku díẹ̀ kó parí, Keshi ní kó wọlé, òun náà ló sì gbé ife. Mo gbà gbọ́ pé Keshi rántí àṣekágbá 1994 ní Tunis lọ́jọ́ náà. Ìtàn méjèèjì yìí ni mo fi ń dá àwọn tó sọ pé nọ́ḿbà méjì wa kì í gbá gbogbo eré lóhùn. Iṣẹ́ kì í jẹ́ kó wá nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń yan igbákejì.

Balógun mìíràn tí mi ò lè gbàgbé ni Mikel Obi. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2018, wákàtí mélòó kan kí a tó bá Argentina gbá ní Rọ́ṣíà, wọ́n pè é pé wọ́n ti jí bàbá rẹ̀ gbé. Kò sọ fún ẹnì kankan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń gbá, kí ọkàn wọn má baà dàrú. Ó wọ pápá, ó gbá eré náà parí. Ìgbà tí bàbá náà dé ilé láyọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa tó gbọ́. Mi ò retí kí ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa ru irú ẹrù yẹn, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i. Mo kàn fẹ́ ká wo irú èèyàn tó ń kọ́kọ́ ro ti ẹlòmíì.

Bí a ṣe máa gba báǹdì lápá ẹni tún wà níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti ń bà mí. Lọ́dún 2015, wọ́n gba ipò balógun Super Eagles lọ́wọ́ Enyeama, wọ́n gbé e fún Ahmed Musa, nígbà tí Enyeama ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú ìyá rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ní òun ò gbá fún Nàìjíríà mọ́, ẹni tó ti gbá eré 101 fún wa. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n gbọ́ tiwọn lẹ́nu èrò lórí WhatsApp. Bí wọ́n bá sì ka èyí, kí wọ́n mọ̀ pé kí a gba báǹdì lọ́wọ́ ẹni kì í ṣe ìtìjú. Granit Xhaka so ti Arsenal lẹ́yìn tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn dìbò. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún 2019, tí àwọn èrò ń pariwo lé e lórí lọ́jọ́ tí wọ́n bá Crystal Palace gbá, ó ju báǹdì sílẹ̀, ó bọ́ jẹ́sì, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lọ. Ó tún gbá bọ́ọ̀lù ọ̀pọ̀ ọdún fún wọn, àwọn èrò kan náà sì padà ń kọrin fún un.

Ohun tí mo ń rò pé ká ṣe nìyí. Ìbàdàn la wà, a sì mọ bí wọ́n ṣe ń dé ipò balógun nílùú yìí: ẹni tó bá kúrò ní mọ́gàjí, ìyẹn olórí agboolé, oyè Jagun ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò máa gun àkàsọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó ń ti òde wọlé wá di Balógun lóòjọ́. Kí ẹni tó bá máa jẹ balógun lọ́la jẹ igbákejì lónìí. Gólì wa yìí, ọmọ tó jókòó sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ni mo máa dárúkọ fún igbákejì, nítorí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ó sì ń rí gbogbo pápá láti ẹ̀yìn. Pẹ́náritì: atamátàsé ló ni ín, bí kò bá sí, ẹni tí a bá kọ orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá kà á sókè ká tó bọ́ sórí pápá. Kọ́nà àti fíríkíìkì náà bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó ń pe èèyàn láàárọ̀, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ fẹ́ atẹ́gùn sí, ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí gbogbo wọn ní orúkọ. Ní ti pínpín báǹdì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, rárá. Ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo èèyàn báyìí, kò sẹ́ni tí yóò tọ́jú rẹ̀.

Mo ti pe ẹ̀gbọ́n lálẹ́ àná kí n tó kọ èyí. Mo kí wọn, mo bèèrè ilé, mo sì sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún wọn láìfi bò. Wọ́n dákẹ́ títí, mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ ni. Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Ta lẹ fẹ́ fi síbẹ̀?” Mo ní nọ́ḿbà méjì. Wọ́n ní, “Ọmọ tó lọ yọ bọ́ọ̀lù nínú àwọ̀n lọ́jọ́ yẹn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní kí n sọ fún un kó tètè dé ní Sátidé, báǹdì wà nínú mọ́tò àwọn.