Òpó fóònù kọ́ ló ń pa oyin yín

Wọ́n tún ti gbé e dé. Ẹnìkan fi fídíò ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ àwa tí à ń sin oyin: òpó fóònù kan dúró gàgàrà, òkú oyin kún ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ohùn ọkùnrin kan sì ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń pa oyin jákèjádò ayé, pé Einstein ti kìlọ̀ pé bí oyin bá fi lè tán, ọdún mẹ́rin péré ló kù fún ọmọ aráyé. Kí n tó jẹun àárọ̀ tán, àwọn èèyàn ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bó bá jẹ́ àwọn tí kò rí inú àpótí oyin rí ló ń pín in kiri, mi ò bá má dá sí i. Àwa tí à ń jẹun nídìí oyin ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí wọ́n ti mú un wá. Ní ìparí ọdún 2006, Dave Hackenberg, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń fi oyin ṣòwò, lọ yẹ àwọn àpótí rẹ̀ wò ní Florida. Ìyá oyin wà níbẹ̀, ọmọ wà, oyin inú afárá wà, ṣùgbọ́n àwọn oyin òṣìṣẹ́ ti pòórá. Kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ké jáde pé bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dọ̀ àwọn náà. Ibi tí wọ́n ti ń wá ohun tó fà á ni ìwé ìròyìn The Independent ti ìlú London ti gbé e jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2007 pé ó lè jẹ́ fóònù alágbèéká. Kí ni wọ́n dì mú? Ìwádìí kékeré kan láti yunifásítì tó wà ní Landau, ní Jámánì. Ohun tí àwọn ará Landau ṣe ni pé wọ́n gbé ìdí fóònù ilé, irú èyí tí kò ní okùn, sínú àpótí oyin, wọ́n wá ń wò ó bóyá àwọn oyin tí wọ́n kó jáde yóò padà wálé. Kì í ṣe fóònù alágbèéká. Kì í ṣe òpó. Àwọn olùwádìí náà fúnra wọn jáde sọ pé iṣẹ́ àwọn kò kan ikú oyin Amẹ́ríkà rárá. Ta ló pín ìyẹn kiri?

Ti Einstein kò tilẹ̀ yẹ kó gbà wá lásìkò. Ó kú ní 1955, a kò sì rí gbólóhùn yẹn nínú ìwé tàbí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kankan. Ọdún 1994 ló di gbajúgbajà, nígbà tí àwọn tó ń sin oyin nílẹ̀ Faransé ṣe ìwọ́de ní Brussels, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìléwọ́ wọn.

Èyí tó yẹ kó parí àríyànjiyàn yìí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Hawaii, àwọn erékùṣù kan tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Varroa. Ẹbí eégbọn ni, ó pupa rúsúrúsú, ó rí pẹlẹbẹ, kò tóbi ju orí pínnì lọ. Ara oyin ilẹ̀ Éṣíà ló ti wá. Yóò yọ́ wọ inú ihò afárá tí ọmọ oyin wà, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó fi ìda dí ẹnu rẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò bímọ sí, tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa fa omi ara ọmọ oyin náà mu. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ náà ló ń kó fáírọ́ọ̀sì ràn án, èyí tó ń ba ìyẹ́ jẹ́. Irú oyin bẹ́ẹ̀ á jáde pẹ̀lú ìyẹ́ tó rún wómúwómú, kò ní fò láéláé.

Varroa dé erékùṣù Oahu ní 2007, ó dé Big Island ní 2008. Kò dé Kauai, kò dé Maui. Olùwádìí kan, Stephen Martin, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó oyin láti àwọn erékùṣù wọ̀nyí, wọ́n sì tẹ àbájáde wọn sínú ìwé ìwádìí Science ní 2012. Níbi tí Varroa kò dé, nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ilé oyin ló ní fáírọ́ọ̀sì yẹn. Níbi tó ti fìdí múlẹ̀, gbogbo ilé oyin pátá ló ní in, iye rẹ̀ lára oyin kọ̀ọ̀kan sì ti di ìlọ́po mílíọ̀nù kan. Ní Oahu, ilé oyin kú lọ bẹẹrẹbẹ. Ẹ wá sọ fún mi, ṣé Kauai kò ní òpó fóònù ni? Ṣé Maui kò ní? Òkun kan náà, oòrùn kan náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà. Ibi tí kòkòrò dé ni oyin ti kú.

Bí Hawaii kò bá tó, ẹ wo Ọsirélíà. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi lo fóònù alágbèéká níbẹ̀, Varroa kò sí níbẹ̀, oyin wọn sì ń ṣe dáadáa, títí di oṣù kẹfà ọdún 2022 tí wọ́n rí i ní èbúté Newcastle. Ìjọba pa ilé oyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún run kó má baà tàn kálẹ̀. Ní 2023 wọ́n gbà pé apá àwọn kò ká a mọ́. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọlọ́jà oyin ńláńlá pàdánù ju ìdajì oyin wọn lọ láàárín 2024 sí 2025. Fáírọ́ọ̀sì ni àwọn onímọ̀ ìjọba wọn bá nínú òkú oyin, pẹ̀lú Varroa tí oògùn tí wọ́n gbójú lé kò ràn mọ́.

Èmi náà ní ohun tí mo fojú ara mi rí. Àwọn àpótí mi tó ń so oyin jù lọ, lọ́nà Ìsẹ́yìn, òpó fóònù ló wà lẹ́yìn wọn. Àwọn tó ń tọ́jú òpó a sì máa pè mí wá kó oyin kúrò nínú àpótí irin tí wọ́n ń kó bátìrì sí. Èyí tí mo ṣí kẹ́yìn, afárá ti so rọ̀ láti òkè dé orí bátìrì, ọmọ kún un dẹ́nu, ìyá oyin ń rìn lórí rẹ̀, ẹ̀rọ ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tọ̀sán-tòru. Kò sẹ́ni tó gbé wọn síbẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló yàn án. Ẹnìkan gbé fóònù sínú àpótí oyin ní Switzerland ní 2011, oyin sì pariwo. Wọ́n pariwo, wọn ò kú. Ẹni tó bá fẹ́ wádìí rẹ̀ síwájú sí i, kó wádìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé oyin kó lọ nítorí pé òpó wà nítòsí, ẹ jọ̀wọ́. Oyin ilẹ̀ wa a máa kó lọ. Bí ọyẹ́ bá dé tí òdòdó gbẹ, bí èèrà bá ń yọ wọ́n lẹ́nu, tàbí bí a bá kórè oyin wọn láìṣẹ́ díẹ̀ kù fún wọn, wọ́n á fi ilé sílẹ̀. Bí ẹ bá ṣí àpótí tí ẹ kò rí òkú, tí ẹ kò rí ọmọ, tí afárá gbẹ táútáú, wọn ò kú o, wọ́n kó lọ ni. Varroa ti dé ọ̀dọ̀ tiwa náà, ṣùgbọ́n oyin tiwa ń fara dà á ju ti òyìnbó lọ.

Ọwọ́ èèyàn ló ń pa oyin tiwa. Àgbẹ̀ kan tí oko ẹ̀wà rẹ̀ bá tèmi pààlà fín oògùn kòkòrò láàárọ̀, nígbà tí òdòdó ẹ̀wà ti là. Kí n tó débẹ̀ lọ́sàn-án, ilẹ̀ iwájú àpótí ti kún. Àwọn kan ń yí bìrìbìrì lórí ẹ̀yìn wọn, àwọn tó ti kú na ahọ́n síta, ìyẹ̀fun òdòdó ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ahọ́n yẹn ni kí ẹ máa wò. Oyin tí ebi pa sábà máa ń kú sínú ihò afárá, orí rẹ̀ níwájú. Èyí tí májèlé pa ló sábà máa ń na ahọ́n. Àwọn òkú oyin tí wọ́n ń fi hàn wá kiri yìí, ta ló bèèrè ohun tí wọ́n fín sí oko ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀?

Ó ṣẹlẹ̀ ní Jámánì náà. Ní 2008, ní àfonífojì odò Rhine, wọ́n fi oògùn kòkòrò tó ń jẹ́ clothianidin pa irúgbìn àgbàdo lára, eruku rẹ̀ fẹ́ jáde nígbà tí ẹ̀rọ ń gbìn ín, ilé oyin tó lé ní 11,000 sì fara gbá a. Ní 2018, Yúróòpù fòfin de mẹ́ta irú oògùn bẹ́ẹ̀ nínú oko gbangba.

Lẹ́yìn oògùn, iná ló kàn. Ọdẹ oyin á fi ìtùfù jó ihò igi, ìyá àti ọmọ á jóná nítorí garawa oyin kan. Àwọn tó ń sun èédú ní Òkè-Ògùn sì ń gé igi òrí àti igi irú, àwọn igi tó ń yọ òdòdó nígbà ẹ̀rùn tí oyin kò rí nǹkan mìíràn jẹ.

Kí ló wá kan ẹni tí kì í jẹ oyin? Ẹ̀gẹ́, iṣu àti àgbàdo kò nílò oyin kí wọ́n tó so, nítorí náà kí wọ́n yé fi ọdún mẹ́rin dẹ́rù ba èèyàn. Nínú 115 irè oko tó gbajúmọ̀ jù láyé, 87 ni kòkòrò àti ẹranko ń ràn lọ́wọ́ láti so. Bí a bá sì gbé oúnjẹ ayé sórí òṣùwọ̀n, nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ara irú irè oko bẹ́ẹ̀ wá. Ègúsí wà níbẹ̀, bàrà wà níbẹ̀, kaṣú wà níbẹ̀, òrí wà níbẹ̀. Ẹ lọ wo ègúsí lóko: akọ òdòdó lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀. Abo ti ní ọmọ kékeré onírun lábẹ́ rẹ̀ kó tó là. Bí kòkòrò kò bá gbé ìyẹ̀fun akọ wá bá a nígbà tó là, ọmọ kékeré yẹn á pọ́n, á sì já bọ́. Ẹni tí kò rí ègúsí kó níyẹn, kò sì ní mọ ohun tó ṣe é.

Mo lọ bá àgbẹ̀ ẹlẹ́wà yẹn, mo kó àwọn òkú oyin náà sínú abọ́, mo fi hàn án. Kò mọ̀ pé oògùn òun lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló ń fín in báyìí, nígbà tí oyin bá ti wọlé, ó sì ń sọ fún mi ní ọjọ́ tó ṣáájú. Kò ná an ní kọ́bọ̀. Ẹ lọ bá àwọn àgbẹ̀ tó yí ẹ̀yin náà ká sọ̀rọ̀, kí òdòdó ẹ̀wà ọdún yìí tó là.