Ta ló ní láìsí Mac, kò sí kíláàsì áàpù?

Bàbá akẹ́kọ̀ọ́ kan pè mí láti Ọ̀fà lọ́jọ́ Àìkú kan. Lẹ́yìn tá a kíra tán, ó ní: "Tíṣà, ẹ má bínú o. Àwọn tí ọmọ mi ń bá gbé ní Tanke sọ fún un pé ẹni tí kò bá ní kọ̀ǹpútà Mac àti fóònù iPhone, eré ló ń ṣe nídìí iṣẹ́ kíkọ áàpù. Pulọ́ọ̀tì kan wà tí mo lè tà. Ṣé kí n tà á?"

Mo ní, "Àlájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta nǹkan kan. Fóònù wo ló ń lò?"

"Infinix ni."

"Ó ti tó."

Kò gbà mí gbọ́. Mi ò bá a wí, torí ọ̀rọ̀ yìí ti di ìgbàgbọ́ ní Ìlọrin wa níbí àti agbègbè rẹ̀, láti Tanke títí dé Malete: pé Android (irú Infinix yẹn) wà fún ẹni tí kò rówó, iPhone wà fún ẹni tó fẹ́ mọ iṣẹ́, yunifásítì tó bá sì mọ ohun tó ń ṣe, Mac ni yóò kó sí yàrá kọ̀ǹpútà rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí, mo sì ń sọ ọ́ gbangba pé irọ́ ni.

Ibi tó ti jẹ́ òótọ́ nìyí. Xcode tí wọ́n fi ń kọ áàpù iPhone, orí Mac nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń lo iPhone káàkiri ayé sì ń náwó sórí áàpù ju àwọn tó ń lo Android lọ, nítorí náà ilé-iṣẹ́ tí oníbàárà rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà kò lè fojú fo iPhone. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ọjà tó fẹ́ tà nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ kẹrin kò tíì lọ́jà. Ohun tó nílò ni kí ohun tó kọ kúrò lójú laptop lónìí, kó bọ́ sínú fóònù tó wà lápò rẹ̀, kó bàjẹ́ lójú rẹ̀, kó tún un ṣe, kó tún bàjẹ́.

Lórí Android, ọ̀nà yẹn kò jìn. O wọ Settings, o tẹ Build number lẹ́ẹ̀méje, fóònù á sọ fún ọ pé o ti di developer, ìyẹn ẹni tó ń kọ áàpù (àwọn ọmọ máa ń hó yèè níbẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n gba sáfíkéètì), o tan USB debugging kí laptop lè gbé áàpù sínú fóònù, o ki wáyà bọ̀ ọ́, ó parí. Ti iPhone ńkọ́? Ká tiẹ̀ ní Mac wà nílẹ̀, bí o kò bá san 99 dọ́là tí Apple ń gbà lọ́dọọdún, áàpù tí o fi sórí fóònù ara rẹ yóò kọṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 7, wàá sì tún un fi síbẹ̀. Google ń gba 25 dọ́là, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn náà sì di ọjọ́ tí o bá fẹ́ gbé e lọ sí Play Store.

Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi kọ áàpù ìwé gbèsè fún ìyá rẹ̀ tó ń ta aṣọ òkè. Orúkọ oníbàárà, iye aṣọ, owó tó san, owó tó kù. Ó fi APK rẹ̀, fáìlì tí a fi ń gbé áàpù sórí Android, ránṣẹ́ lórí WhatsApp. itel tí gíláàsì rẹ̀ ti sán ni ìyá ń lò. Ìyá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń tẹ gbèsè àwọn tó ra aṣọ ìgbéyàwó wọlé, ó tẹ mẹ́rin, ó tẹ márùn-ún. Kó tó tẹ "Fi pamọ́", ó dá fóònù sí ìbú kí ojú rẹ̀ lè fẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pòórá. Ó pe ọmọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: "Áàpù rẹ ti jẹ gbèsè mi mọ́ra o!"

Ọmọ náà gbé ẹjọ́ yìí wá sí kíláàsì. Mo ní kí gbogbo wọn dá fóònù wọn sí ìbú. Ti ẹni mẹ́tàlá pòórá. Bí a bá yí fóònù Android, ojú-ìwé tí a wà lórí rẹ̀ ni Android máa ń pa rẹ́, táá sì tún un kọ́ látìbẹ̀rẹ̀ fún ojú tuntun. Ohun tí o kò bá fi síbi tó lè yè, ó bá a lọ nìyẹn. Nínú kóòdù ọmọ náà, ọ̀rọ̀ kan ló yí padà: ibi tó kọ remember sí, ó kọ rememberSaveable, tó ń tọ́jú ohun tí a tẹ̀ kó lè yè bí a bá yí fóònù. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni mo ti ṣàlàyé rẹ̀ lójú pátákó, ó gba etí wọn kọjá bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́. Ìyá aláṣọ òkè ló kọ́ wọn. Ìyá yẹn kò sì ní iPhone.

Wọ́n á tún ní ohun tí ọmọ bá kọ́ lórí Android yóò ṣòfò tó bá dé orí iPhone. Ẹ wo ìlà méjì yìí. Kotlin, èdè Android:

val oruko: String? = null

Swift, èdè iPhone:

let oruko: String? = nil

Àmì ìbéèrè yẹn, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe nínú méjèèjì: ó ń kìlọ̀ fún ọ pé orúkọ náà lè má sí níbẹ̀. Irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ojú áàpù náà ńkọ́? SwiftUI tí Apple gbé jáde ní 2019 àti Jetpack Compose tí Google parí ní 2021, bí ọmọ ìyá ni wọ́n rí. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan dáadáa kì í pẹ́ kó tó mọ èkejì.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ra iMac mẹ́wàá fún akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní ọgọ́ta. Ọ̀gbẹ́ni kan ṣoṣo ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà. Bí iná bá wà, ọ̀gbẹ́ni yẹn kì í sí. Bó bá wà, iná ti lọ. Orí pépà la ti kọ kóòdù títí sáà fi parí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ní iná tí kì í lọ àti Mac tó káríkárí, kó fi Swift kọ́ wọn, mi ò ní bá a jà. Fóònù kan náà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn máa ń jẹ́ kí olùkọ́ sinmi.

Android náà ní wàhálà tirẹ̀. Android Studio tí a fi ń kọ áàpù rẹ̀ wúwo: laptop tí RAM rẹ̀ (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́) jẹ́ 4GB máa ń pòṣé lábẹ́ rẹ̀. Google ní kó má dín sí 8GB, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣí emulator inú rẹ̀, ìyẹn fóònù àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ lójú laptop, kó wá 16GB. Èmi kì í jẹ́ kí wọ́n ṣí i rárá. Fóònù gidi wà lọ́wọ́ wọn. Dátà tí Gradle, irinṣẹ́ tó ń sọ kóòdù di áàpù, ń jẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kọjá sísọ, nítorí náà èmi á gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a ó sì fi flash pín in.

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ 8GB yìí fún Àlájì. Pulọ́ọ̀tì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó fi RAM kún laptop ọmọ rẹ̀, ó di 8GB. Ó tún pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn: "Tíṣà, iPhone wá ńkọ́?"

Mo ní bó bá jẹ́ nítorí àwòrán ìgbéyàwó ni, kó rà á.