Irọ́ ni pé òórùn kò ṣeé fi ẹnu ṣàpèjúwe

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kò sí ọ̀rọ̀ tó lè sọ bí òórùn ṣe rí, pé bí a ṣe dá wa nìyẹn. Àwọn tó ń ta lọ́fínńdà ní Adó-Èkìtì pàápàá máa ń sọ pé gbogbo ìgò wọn ló ń ta sánsán, wọ́n á sì fọ́n díẹ̀ sí oníbàárà lọ́wọ́ kó fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ. Ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà, ó sì ń dùn mí, nítorí pé ó ń mú kí a fọwọ́ lẹ́rán níbi tó yẹ kí a ti kọ́ ẹ̀kọ́.

Ní ọdún 2014, Asifa Majid àti Niclas Burenhult tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn Jahai, tí wọ́n ń ṣọdẹ nínú igbó ní Màléṣíà. Àwọn Jahai àti àwọn ará Amẹ́ríkà gbóòórùn àwọn nǹkan kan náà, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà ro àròpẹ́, èsì wọn kò sì bára mu. Àwọn Jahai dáhùn ní ṣókí, ohùn wọn sì ṣọ̀kan bí ìgbà tí wọ́n ń dárúkọ àwọ̀, nítorí pé èdè wọn ní ọ̀rọ̀ bíi méjìlá fún oríṣiríṣi òórùn, títí kan òórùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà pé ó ń fa ẹkùn wá.

Kì í ṣe èdè nìkan ló fà á. Lọ́dún 2018, Majid àti Nicole Kruspe fi àwọn Semaq Beri tí wọ́n jẹ́ ọdẹ wé àwọn Semelai tí wọ́n ń dáko, ní Màléṣíà bákan náà. Èdè wọn tan mọ́ra, igbó tí wọ́n ń gbé sì jọra, síbẹ̀ àwọn ọdẹ nìkan ni òórùn rọrùn fún láti dárúkọ bí àwọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nídìí òwò kòkó ní Èkìtì. Ẹni tó bá ti pẹ́ níbẹ̀ mọ èyí tó ń kan torí pé wọ́n kánjú sá a gbẹ, èyí tó gba èéfín torí pé iná ni wọ́n fi yan án, àti èyí tó bu nínú àpò.

Lóòótọ́, imú kò dọ́gba: òórùn tí wọ́n ń pè ní androstenone máa ń dà bí ìtọ̀ ní imú ẹnìkan, ó máa ń dùn mọ́ ẹlòmíràn, àwọn kan kì í sì í gbọ́ ọ rárá. Síbẹ̀, ẹni tó ń ta lọ́fínńdà lè sọ ohun tí imú kọ́kọ́ ń bá pàdé, bóyá èèpo ọsàn ni tàbí òdòdó, nítorí pé èyí tó fúyẹ́ bíi ti ọsàn ló ń kọ́kọ́ fò lọ. Ó lè sọ ohun tó máa ṣẹ́kù sára aṣọ nírọ̀lẹ́, bóyá igi, tùràrí tàbí ọṣẹ. Ó sì lè sọ bóyá yóò le jù fún ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́ lọ́sàn-án gangan.