Ẹni tó torí Ọlọ́run gbé àdá

Ẹ má bínú, ìpàdé àlàáfíà ọlọ́jọ́ kan tí wọ́n máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ yìí ti sú mi. Wọ́n á pín fìlà, Mùsùlùmí á di Kìrìsìtẹ́nì lọ́wọ́ mú, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí.

Ẹ wo Kàdúná. Imam Muhammad Ashafa àti Pásítọ̀ James Wuye, olórí àwọn ọ̀dọ́ tó ń torí ẹ̀sìn jà ni àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀, kálukú ní ìhà tirẹ̀. Nínú ìjà ọdún 1992, wọ́n gé Pásítọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n pa olùkọ́ Imam àti ìbátan rẹ̀ méjì. Ọdún 1995 ni akọ̀ròyìn kan fà wọ́n pàdé.

Wáàsí ló yí Imam lọ́kàn padà, kì í ṣe sẹ́mínà: wáàsí mọ́sáláṣí, nípa bí wọ́n ṣe sọ Ànábì lókùúta ní ìlú Ta'if, tó sì dárí jì wọ́n. Nígbà tí ìyá Pásítọ̀ ń ṣàìsàn, Imam lọ kí i. Síbẹ̀, Pásítọ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé nígbà tí àwọn jọ sùn nínú yàrá kan, ó ń ṣe òun bíi kí òun fi ìrọ̀rí bò ó nímú títí tí ẹ̀mí á fi bọ́. Oníwàásù ni o! Ó gba ọdún mélòó kan kí inú rẹ̀ tó rọ̀. Ẹ wá ní ọmọ ogún ọdún á yí padà láàárín ọjọ́ kan?

Àwọn kan máa ń ní kí á yọ ẹ̀sìn kúrò níbẹ̀ pátápátá. Mi ò gbà. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé Ọlọ́run ló ní kó gbé àdá, tí ẹni tí kò mọ ẹ̀sìn bá ní kó sọ ọ́ sílẹ̀, ṣé kò ní bi í pé ta ló rán an níṣẹ́? Àfi kí ẹni tó mọ Kùránì tàbí Bíbélì náà dunjú sọ fún un pé irọ́ ni. (Àwa Yorùbá tí Àlàájì àti wòlíì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà lè má mọ bó ṣe le tó. Ní Kàdúná, lẹ́yìn ìjà ọdún 2000, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí àríwá odò tó la ìlú náà kọjá, ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì kó lọ sí gúúsù. Ọmọ lè dàgbà níbẹ̀ láìní ọ̀rẹ́ kan lódìkejì.)

Nítorí náà, àjọ tó bá fẹ́ náwó, kó ná an lórí àwọn aláfáà tó ń kọ́ ọmọ ní kéú àti àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn lọmọ ń rí lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀.